Ike Omi Tí Salome Ń Fi Yanrìn Fọ̀

Yanrìn ni Salome fi ń fọ ike omi. Kì í lo ọṣẹ, nítorí ọṣẹ máa ń fi òórùn sílẹ̀, omi àánú kò sì gbọdọ̀ ní òórùn kankan. Yóò bu yanrìn sínú ike, yóò fi òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́ta mẹ́rin kún un, yóò da omi díẹ̀ lé e, yóò fi àtẹ́lẹwọ́ dí i lẹ́nu, ó di kó máa mì í. Ẹ ò ní í gbà pé irú agbára bẹ́ẹ̀ wà lápá obìnrin tí kò sanra rárá. Yóò mì í títí ewédò tí oòrùn Kano mú hù sára ike náà yóò fi ṣí kúrò. Lẹ́yìn náà ni yóò ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta, yóò gbé e dojú kọ oòrùn, yóò di ojú kan, yóò fi ìkejì wò ó. Bí ó bá rí àmì tó kéré bí orí abẹ́rẹ́, yóò tún bu yanrìn. Ọdún mọ́kànlélógún ló fi ṣe é bẹ́ẹ̀, kò sì fìgbà kan sọ pé ó rẹ òun.

Salome Oyèwùmí ni wọ́n kọ sínú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì, àmọ́ Ìyá Olómi ni gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n ní Sabon Gari ń pè é. Ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan wà lẹ́yìn Ibo Road, kò jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń dín ẹja, òun ló sì ń tọ́jú omi ibẹ̀. Ogójì ike ni lọ́sẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, yóò rọ omi sínú wọn, yóò tò wọ́n sórí ilẹ̀ àánú, ìyẹn gbàgede tó wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í wọ bàtà. Ibẹ̀ ni wọn yóò wà nínú oòrùn títí di ọjọ́ Àìkú mìíràn. Wòlíì àgbà tó dá ìjọ náà sílẹ̀ ní Kano ló pa á láṣẹ kó tó kú pé ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ méje gbọ́dọ̀ la inú omi kọjá kó tó lè ṣiṣẹ́. Ìgò ni wọ́n ń lò láyé ìgbà yẹn. Ọjọ́ tí ìgò kan fọ́, tí àfọ́kù rẹ̀ ya aboyún kan lẹ́sẹ̀ lórí ilẹ̀ mímọ́, ni wọ́n fòfin de ìgò, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í lo ike. Ike kì í fọ́. Ó fúyẹ́, ó mọ́ gaara, ó sì wà káàkiri ìgboro lọ́fẹ̀ẹ́. Ta ló máa rí irú ẹ̀ tí kò ní dúpẹ́?

Kí ẹ tó bi mí pé kí ló dé tí odidi obìnrin yóò fi gbogbo ayé rẹ̀ sin ike omi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ọmọ fún yín. Japhet ni orúkọ ọkọ rẹ̀. Bàbá bàbá Japhet ló bá rélùweè wá sí Kano láyé òyìnbó, ó di akọ̀wé ní ibùdókọ̀ ojú irin, kò sì padà sílé mọ́. Japhet ní tirẹ̀ ń tún rédíò àti tẹlifíṣàn ṣe. Ọdún mẹ́rìnlá lòun àti Salome fi wojú ara wọn láìsí ọmọ. Ohun tí ojú Salome rí lọ́wọ́ àwọn ará ilé ọkọ, ká má tiẹ̀ dé ibẹ̀. Obìnrin kan wà tó jẹ́ pé bó bá ti kí i tán, ikùn rẹ̀ ló máa wò kó tó wo ojú rẹ̀.

Nígbà tó tó gẹ́ẹ́, Japhet kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ àánú níwájú Wòlíì àgbà, ó sì jẹ́jẹ̀ẹ́. Ó ní bí Olúwa bá fún òun lọ́mọ, ọmọ náà kò ní mu omi mìíràn lẹ́yìn omi àánú, láti ọjọ́ tó bá ti já lẹ́nu ọmú títí di ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Wòlíì lu agogo sí i, gbogbo ìjọ ṣe àmín. Ọdún kò yí po tí Salome fi lóyún. Ẹ wá sọ fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀ pé omi yẹn kì í ṣe nǹkan kan, kí ẹ wo bó ṣe máa wò yín.

Obìnrin ni wọ́n bí, wọ́n sọ ọ́ ní Tolúwalọpẹ́. Salome gba iṣẹ́ omi lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é tẹ́lẹ̀, nítorí kò lè fọkàn tán ẹnikẹ́ni pẹ̀lú ohun tí ọmọ rẹ̀ yóò máa gbé mì. Ibẹ̀ ni yanrìn ti bẹ̀rẹ̀. Ike kan máa ń wà lọ́rùn Tolú bó bá ń lọ sílé ẹ̀kọ́ ní Noman's Land, ike mìíràn á wà nínú báàgì. Àwọn ọmọ Hausa inú kíláàsì ń pè é ní Mai Ruwa, bí wọ́n ṣe ń pe àwọn ọkùnrin tó ń ti kẹ̀kẹ́ omi kiri àdúgbò, òun náà á máa jẹ́ ẹ lẹ́rìn-ín. Níbi ìnáwó, kò mu mínírà. Kò mu kùnú, kò mu sóbò. Salome ní ṣé kì í ṣe omi ni wọ́n fi pò ó ni? Ti oúnjẹ nìkan ni Wòlíì gbójú fò, ó ní iná ti kàn án.

Ọmọ náà kò sì ṣe oríkunkun sí i. Gbogbo Yorùbá tí ìyá rẹ̀ bá sọ ló máa ń gbọ́ délẹ̀, àmọ́ Hausa tàbí Píjìn ló máa fi dáhùn, gẹ́gẹ́ bíi gbogbo ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀. Bí Salome bá bi í pé ṣé ó ti mu omi rẹ̀, á ní, “Mọ́mì, no wahala.” Nígbà tó pé ọmọ ọdún méjìlá, ẹ̀jẹ̀ ríru mú Japhet lọ. Láti ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì ló kù fún ara wọn.

Tolú wà ní ọdún kejì nílé ẹ̀kọ́ gíga nígbà tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu. Ó kọ́kọ́ dà bíi ti ẹni tó jẹ ẹ̀wà tí kò jinná. Inú á máa ru ú, á máa wú, á sáré lọ sẹ́yìn ilé, á padà dé, kó tó jókòó á tún ti dìde. Wọ́n ní ibà ni, wọ́n lo oògùn ibà. Wọ́n ní aràn ni, wọ́n lo ti aràn. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, pípele ló ń pele sí i. Lọ́jọ́ kan ó pe ìyá rẹ̀ pé kó wá wo ohun tó jáde lára òun. Ẹ̀jẹ̀ ni. Salome wò ó, ó sì rántí gbogbo ọdún mẹ́rìnlá náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Nílé ìwòsàn, dókítà ti kámẹ́rà tó wà lẹ́nu okùn gígùn kan wọ inú ọmọ náà. Ó ní ìfun rẹ̀ ti wú, egbò ti wà lára rẹ̀ káàkiri. Ó ní ara ọmọ náà ló ń bá ara rẹ̀ jà, pé oògùn wà tó lè pẹ̀tù sí ìjà náà, àmọ́ kò sí èyí tó lè parí rẹ̀ pátápátá. Salome bi í pé kí ló fà á. Dókítà ní ohun púpọ̀ ló lè fà á, ó sì pe ẹlòmíràn wọlé. Oògùn náà ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹrin, ẹ̀jẹ̀ ti padà, Tolú sì ti rù débi pé aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ gba ẹni méjì. Débọ̀, ọmọkùnrin tó ń fẹ́ Tolú, tí Salome ti ń fi yangàn díẹ̀díẹ̀ lọ́kàn, dín ẹsẹ̀ kù, nígbà tó yá kò wá mọ́.

Kí ni ẹni tó bá jẹ́ olómi yóò ṣe? Ó fi omi kún omi. Wòlíì Dìran, tó jókòó sórí àga Wòlíì àgbà, ní kí Tolú máa mu ike mẹ́ta lójúmọ́ dípò méjì. Salome fúnra rẹ̀ wá rò ó pé bóyá ìdọ̀tí kan ló ń ṣẹ́ kù sínú ike. Ó lọ wá yanrìn tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, èyí tí àwọn bíríkìlà ń lò, ó wá ń fọ ike ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì-mejì. Inú ike náà ti ha débi pé kò mọ́ gaara mọ́, ó ti rí bàìbàì bí awò ojú arúgbó. Salome rò pé ike náà ló ti gbó. Ó ń fọ̀ ọ́ lọ.

Àsìkò yẹn ni Hajarat dé. Ọmọ Ìlọrin ni, àmọ́ Tarauni nínú Kano ni wọ́n bí i sí, ó ń ṣe ìwádìí ní yunifásítì. Ìgbẹ́ ló ń gbà kiri. Ẹ má rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ ni. Ó ń gba ti àwọn tí àìsàn inú bíi ti Tolú ń ṣe, ó ń gba ti àwọn tí ara wọn dá, kó lè fi wọ́n wé ara wọn. Dókítà ló júwe ilé wọn fún un. Salome wà ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá, Tolú, tó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, ló dá buwọ́ lùwé fún un. Ìgbà kejì tó wá, ó bá Salome lẹ́yìn ilé níbi tó ti ń mi ike. Ó kí i, ó kúnlẹ̀ dáadáa bí ọmọ tí wọ́n kọ́. Lẹ́yìn náà ló ń wo ọwọ́ Salome. Ó béèrè bóyá ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Salome fi ìdùnnú sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, yanrìn, òkúta, oòrùn ọjọ́ méje, ẹ̀jẹ́ Japhet, gbogbo rẹ̀. Hajarat tọrọ ike omi kan, ó gbé e lọ.

Ó lé lóṣù kan kó tó padà. Lọ́sàn-án ni, Tolú ń sùn nínú yàrá. Hajarat mú ìwé funfun róbótó kan tó fi sẹ́ omi náà dání, ó sì ṣí fóònù láti fi àwòrán rẹ̀ hàn bó ṣe rí lábẹ́ awò tó ń sọ kékeré di ńlá. Nǹkan bí irun, nǹkan bí èérún, nǹkan ṣóńṣó-ṣóńṣó, wọ́n kún ojú fóònù. Salome ní yanrìn ni. Hajarat mi orí. Ó ní ike ni, eruku ike. Ó ní oòrùn máa ń mú kí ike gbẹ kó sì gbó bí awọ tó ti jẹrà, tí yanrìn bá wá ń ha á, á máa bó sínú omi ní ìwọ̀n tí ojú lásán kò lè rí. Nínú gbogbo omi tí òun ti yẹ̀ wò, òun ò tíì rí èyí tí tirẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó rí i nínú ìgbẹ́ Tolú náà.

Salome jókòó. Hajarat náà jókòó sílẹ̀, ó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ èyí tó kù. Ó ní nínú ìfun gbogbo wa pátá, àwọn kòkòrò kan wà tí a kò lè fojú rí, tí kì í ṣe àrùn. Wọ́n ń bá wa gbé ni, bí ayálégbé tó mọ ìwà hù. Wọ́n ń bá wa lọ oúnjẹ, wọ́n sì ń ṣọ́ ògiri ìfun kí nǹkan burúkú má bàa ráyè wọlé. Nínú Tolú, àwọn ọmọlúàbí ibẹ̀ ti dín kù gidigidi, àwọn ìpáǹle ló gbilẹ̀. Wọ́n ti fún eku ní eruku ike jẹ nílé ìwádìí, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ nínú àwọn eku náà nìyẹn, ògiri ìfun wọn wú. Ti èèyàn ni ẹnikẹ́ni kò tíì lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí.

Gbogbo ọ̀rọ̀ yìí kọjá létí Salome bí ọkọ̀ tí ń kọjá lójú títì. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu rẹ̀.

“Ṣé èmi ni mo ṣe é?”

Hajarat wo ilẹ̀. “Mama, mi ò mọ̀. Kò sí ẹni tó mọ̀. Àìsàn yìí ń mú ẹni tí kò mu irú omi yìí rí. Ó lè jẹ́ òun ló fà á, ó lè jẹ́ ó kàn bá a níbẹ̀ tó sì dá kún un, ó sì lè má mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.”

Ìbá sàn fún Salome ká ní ó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tí wọ́n bá dá lẹ́bi mọ ibi tí yóò gbé ẹkún rẹ̀ sí. Ó béèrè bóyá oògùn wà tí yóò fọ eruku náà jáde. Hajarat ní kò sí. Ó béèrè bóyá bí òun bá jáwọ́ lónìí, inú ọmọ náà yóò padà bọ̀ sípò. Hajarat ní àwọn kòkòrò rere lè padà díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì lè má padà. Ó wá ní kí wọ́n ṣáà má fi yanrìn fọ ike mọ́, kí wọ́n má sì gbé e sínú oòrùn mọ́. Bó ṣe ń dìde ni Salome di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má jẹ́ kí Tolú gbọ́. Hajarat tẹrí ba, ó mú ìwé funfun rẹ̀, ó jáde.

Fún ọjọ́ mélòó kan, Salome kò lè fọwọ́ kan ike. Ó ń rò ó láti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú, ike tó fi kọ́ ọmọ ọdún méjì lọ́rùn, ike ìdánwò, ike ọjọ́ tí wọ́n sin Japhet tí ọmọ náà ń sunkún tí òun ń fi omi pẹ̀tù sí i. Gbogbo rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ̀. Ó ti mì í tọkàntọkàn. Ká ní ọ̀lẹ ni, ká ní ó jẹ́ irú obìnrin tó ń fi omi ṣàn án lásán kó sì sọ pé ó tó, bóyá inú ọmọ náà ì bá tòrò. Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn? Ta ni ó fẹ́ bínú sí?

Ó lọ bá Wòlíì Dìran. Wòlíì kì í ṣe èèyàn burúkú, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó fetí sílẹ̀, ó sì sunkún pẹ̀lú rẹ̀. Salome bẹ̀bẹ̀ pé kó tú ẹ̀jẹ́ náà. Wòlíì ní ẹni tó jẹ́jẹ̀ẹ́ àti ẹni tó lu agogo sí i ti lọ sọ́run, òun kò sí níbẹ̀, òun kò lè tú ohun tí òun kò so. Ìgbéyàwó nìkan ló kù tó lè parí rẹ̀. Salome kò dárúkọ Débọ̀, Wòlíì náà kò dárúkọ rẹ̀. Salome ní kí wọ́n padà sí ìgò nígbà náà. Wòlíì ní ẹsẹ̀ lásán ni igba èèyàn fi ń rìn lórí ilẹ̀ àánú, ṣé ó fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tún ta síbẹ̀? Salome ní amù ńkọ́? Wòlíì ní ìmọ́lẹ̀ kì í la inú amù kọjá. Ó wá rọra bi í bóyá kò rí àwọn tí omi náà ti wò sàn. Salome rí wọn. Ó mọ orúkọ wọn. Ọmọ tó wà lórí ibùsùn nílé, ara àwọn tí omi náà ṣe lóore ni òun náà.

Ìyẹn sì ni egungun tó há a lọ́fun. Òun fúnra rẹ̀ gbà á gbọ́. Bí ó bá fún Tolú ní omi mìíràn, tí ọmọ náà sì kú, ó mọ ohun tí òun yóò máa sọ fún ara rẹ̀ títí ayé. Bí ó bá sì ń fún un ní omi àánú lọ, tó sì kú, ó mọ ìyẹn náà. Omi pọ̀ ju ọkà lọ.

Èyí tí agbára rẹ̀ ká ló ṣe. Ó jáwọ́ nínú yanrìn. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ewédò ti bo ogójì ike, àwọn ará ìjọ ń kùn pé omi ń rùn, inú ń run àwọn ọmọdé méjì kan. Àwọn alàgbà ní Ìyá Olómi ti ń dàgbà, ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ kò sì jẹ́ kó rí ara gbé nǹkan, kí Virtue tó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin máa bá a fọ ike. Yanrìn ni Virtue fi ń fọ̀ ọ́. Salome fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ. Ó gbìyànjú láti sọ fún un, àmọ́ bó ṣe ń sọ ọ́ lòun náà ń gbọ́ pé kò wọlé. Virtue ní, “Mama, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé omi Olúwa gbọ́dọ̀ mọ́.”

Fún ti Tolú, ike tuntun ló ń rà báyìí, tí kò tíì rí yanrìn rí. Oòrùn ọjọ́ méje ni kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé omi náà fún Hajarat láti yẹ̀ ẹ́ wò. Hajarat ní ó dín kù, ó dín kù púpọ̀, àmọ́ ó ṣì wà níbẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì tí àwọn mai ruwa fi ń gbé omi wá sílé, ike ni, ọdún kẹwàá rẹ̀ nínú oòrùn nìyẹn. Táńkì tí wọ́n ti ń rọ ọ́, ike. Páìpù tó gbé e wá sí táńkì, ike. Pio wọ́tà tó wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù, inú ọ̀rá ni. Salome ní òjò ńkọ́? Hajarat ní wọ́n ti rí i nínú òjò náà. Àìsàn tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Ó ní òun náà ń mu ún, gbogbo wa là ń mu ún, kò kàn sí ẹni tó mọ ẹni tí yóò pa lára.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, wọ́n gba Tolú sílé ìwòsàn fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Dókítà ní bí oògùn tuntun yìí kò bá ṣiṣẹ́, àwọn yóò gé lára ìfun rẹ̀. Wọ́n dá a padà sílé kó lọ gba okun díẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì Japhet tí Salome gbé sítòsí fèrèsé kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí i, ọwọ́ rẹ̀ kò ju igi ìgbálẹ̀ lọ. Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ ni. Títì dákẹ́ díẹ̀ nítorí àwọn Mùsùlùmí ti lọ kírun. Salome jókòó tì í, ó sì rí i pé òun kò lè gbé e mọ́. Bí ọmọ náà bá kú láìmọ̀, irọ́ ni òun fi ránṣẹ́ sí Japhet.

Ó sọ ọ́. Ó sọ ti yanrìn, ti oòrùn, ti àwòrán inú fóònù, ti eku. Ó ní òun kò mọ̀. Ó ní òun rò pé òun ń tọ́jú rẹ̀ ni. Ó sọ ọ́ láìwo ojú ọmọ náà, ọwọ́ rẹ̀ ń fa etí aṣọ ìbora. Ó ń retí ẹkún, ó ń retí ìbínú, ó tiẹ̀ ń fẹ́ ìbínú náà.

Yorùbá ni Tolú fi dá a lóhùn, ó ń ṣa á ní ẹyọ ẹyọ.

“Mo ti mọ̀, Mọ́mì. Èmi ni Hajarat kọ́kọ́ sọ fún kó tó sọ fún yín. Èmi ni mo buwọ́ lùwé.”

Salome gbé ojú sókè. “O mọ̀? O mọ̀, o wá ń mu ún?”

“Bí mo bá ní mi ò mu ún mọ́,” Tolú ní, “kí ló kù tí ẹ lè ṣe fún mi?”

Salome wá ohun tó kù náà nínú ara rẹ̀, ó wá a káàkiri yàrá náà, oògùn tó wà lórí fèrèsé tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, Bíbélì, ìwé ilé ìwòsàn, kò rí i. Omijé ń dà lójú rẹ̀, kò sì nu ún.

Tolú ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Salome dìde, ó mú ike kan lára èyí tó kó wálé láti ilẹ̀ àánú, ó ṣí i, ó bu omi sínú kọ́ọ̀bù. Ó fi ọwọ́ kan gbé orí ọmọ náà sókè, ó fi ìkejì gbé omi sí i lẹ́nu. Tolú mu ún tán. Ó ní kí wọ́n tún fún òun sí i, Salome sì tún bù ú fún un.